Aṣọ ta ló wà lọ́rùn rẹ̀? Bí ìdíje eré ìdárayá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe ń lọ

Ní oṣù Keje ọdún 2015, ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Kansas gbéra láti Amẹ́ríkà, ó di Gwangju ní Kòríà Gúúsù, fún ìdíje àgbáyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Bill Self, ló kó wọn lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bọ́ sórí pápá, orúkọ Kansas kọ́ ló wà láyà aṣọ wọn, USA ni. Méjì nínú àwọn ọmọ tó yẹ kó bá wọn gbá a kò sì lè gbá a: Svi Mykhailiuk, torí pé ọmọ Yukréìn ni, àti Cheick Diallo, torí pé ọmọ Málì ni. Àwọn mìíràn tún fara pa. Nígbà tí ikọ̀ ò pé mọ́, wọ́n yá ọmọ kan láti Yunifásítì Southern Methodist, wọ́n yá ọ̀kan láti Florida Gulf Coast. Àwọn méjèèjì bá wọn gbá a, wọ́n sì jọ gba góòlù: 84 sí 77 ni wọ́n fi na Jámánì, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àkókò kún àkókò lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ìtàn yìí bá rú yín lójú, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Báwo ni ọmọ Kansas kò ṣe ní lè bá Kansas gbá bọ́ọ̀lù, tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn á wá gbá a? Ìdí rẹ̀ ni pé ní Gwangju, ikọ̀ yẹn kì í ṣe ti Kansas mọ́. Ti Amẹ́ríkà ni. Pásípọ́ọ̀tù ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé tí ìdíje láàrin àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀, ọmọ Yukréìn àti ọmọ Málì di ọmọ ilé padà, àwọn méjì tí wọ́n yá sì di alátakò.

Ìbéèrè kan ló ń tú okùn yìí. Níbi ìdíje tí ẹ ń wò yìí, ta ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣojú fún? Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, àbí orílẹ̀-èdè rẹ̀? Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìwé tí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mọ ẹni tó máa mú un lọ, ẹ sì mọ ẹni tó máa fi àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ yangàn.

Nígbà tó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló ni ín

Irú ìdíje yìí ló dàgbà jù. Lọ́dún 1829 ni àwọn ọmọ Oxford àti ti Cambridge kọ́kọ́ wa ọkọ̀ díje lójú odò Thames. Nígbà tó di 1852, Harvard àti Yale ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ tiwọn náà sómi. Ìlú tí wọ́n bí ọ sí kò kan ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ rẹ bá ti wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, tí apá rẹ sì ká àjẹ̀, o lè wọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí dòní níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń bá ilé-ẹ̀kọ́ figagbága. NCAA ló lókìkí jù nínú àwọn tó ń ṣètò irú rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, wọ́n ti wà láti 1906, ilé-ẹ̀kọ́ bí 1,100 ló wà lábẹ́ wọn, àwọn eléré ìdárayá tó ń díje níbẹ̀ sì lé ní 500,000. Yúróòpù náà ní tirẹ̀: àjọ EUSA bẹ̀rẹ̀ ìdíje gbogboogbò fún àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù ní Córdoba ní Sípéènì lọ́dún 2012, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ ó sì rí nínú àtẹ ibẹ̀, ẹ ò ní rí ti orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ ká fi Tóbi Amúsan ṣàlàyé. Aṣọ aláwọ̀ ewé Nàìjíríà la fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2017, ní ìlú Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, aṣọ Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso ló wọ̀ nígbà tó gba ipò kìíní NCAA nínú sáré onídèènà 100 mítà. Ẹni tó bá ń ka àmì ẹ̀yẹ fún Nàìjíríà kò rí nǹkan kan kà lọ́jọ́ yẹn. Máàkì 10 ló wọlé fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí NCAA ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyẹn nínú eré sísá: ẹni tó ṣe ipò kìíní gba 10, ipò kejì 8, ipò kẹta 6, yóò máa wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹni kẹjọ yóò fi gba 1. Wọ́n á ro ti gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, èyí tó bá pọ̀ jù ló gbé ife lọ. Ní 2022, Amúsan padà sí Eugene kan náà fún ìdíje àgbáyé, aṣọ Nàìjíríà ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Títí di ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Òun nìkan kọ́. Léon Marchand tó fi ìlúwẹ̀ẹ́ gba góòlù mẹ́rin fún Faransé ní Òlíńpíìkì Paris 2024, ọmọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ni nígbà tó ń kó àmì ẹ̀yẹ NCAA jọ. Leo Neugebauer tó gba fàdákà fún Jámánì ní Paris yẹn kan náà nínú decathlon, ìyẹn eré oníṣẹ́ mẹ́wàá, Yunifásítì Texas ní Austin ló ti wá. Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ti àwọn wọ̀nyí, òde ni wọ́n ti kó ẹ̀ṣọ́ wá sílé.

Nígbà tó bá jẹ́ àsíá ló ni ín

Irú kejì yìí kò tó ti àkọ́kọ́ dàgbà. Ọmọ Faransé kan, Jean Petitjean, ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ sí Paris fún ìdíje lọ́dún 1923. Ogun Àgbáyé Kejì dá a dúró. Lẹ́yìn ogun, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì pín tẹ̀lé wọn: ẹgbẹ́ méjì, ìdíje méjì. Ní 1949 ni apá ìwọ̀-oòrùn dá FISU sílẹ̀, àjọ àgbáyé fún eré ìdárayá yunifásítì. Ìdíje kan tó wáyé ní Paris lọ́dún 1957 ló kó ìhà méjèèjì padà sórí pápá kan. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1959, àwọn ará Ítálì pe ayé sí Turin, orílẹ̀-èdè 45 sì jẹ́ ìpè. Primo Nebiolo ló wà nídìí ètò náà, ẹni tó wá di ààrẹ FISU tó sì tún di ààrẹ àjọ eré sísá àgbáyé nígbà tó yá. Wọ́n sọ ọ́ ní Universiade. Ti ìgbà òtútù, èyí tí wọ́n ń ṣe lórí yìnyín, tẹ̀lé e ní Chamonix lọ́dún 1960.

Orúkọ Universiade yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ FISU ti pa á tì. FISU World University Games ni wọ́n ń pè é báyìí. Ohun kan náà ni. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é: 2015 ní Gwangju, 2017 ní Taipei, 2019 ní Naples. Lẹ́yìn ìyẹn ni kòrónà dé, ni èyí tó yẹ kí Chengdu ní Ṣáínà ṣe lọ́dún 2021 bá di 2023, síbẹ̀ wọn ò yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí ẹ bá rí "Chengdu 2021" lára àmì ẹ̀yẹ tí ẹnì kan gbà lọ́dún 2023, ayédèrú kọ́. Èyí tó tẹ̀lé e wáyé ní agbègbè Rhine-Ruhr ní Jámánì, láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 27 oṣù Keje 2025, pẹ̀lú eré oríṣi 18. Ti 2027 wà fún agbègbè Chungcheong ní Kòríà Gúúsù. Ní àwọn ọdún tó bọ́ sí àárín, irú 2024 tàbí 2026, ìdíje tó jẹ́ ti irú eré kan ṣoṣo ni FISU máa ń ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlú tirẹ̀.

Níbi Ìdíje Àgbáyé yìí, àsíá ló ń wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ kì í wọlé. Yunifásítì kankan kò lè dìde lọ́jọ́ kan kó ní òun ń lọ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àjọ kan tí FISU mọ̀ fún eré ìdárayá yunifásítì, irú àjọ bẹ́ẹ̀ sì lé ní 160 káàkiri ayé. Àjọ yìí nìkan ló lè fi orúkọ sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́, ó lè ṣa ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ ogún. Bí ó bá sì fẹ́, ó lè gbé ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan wọ aṣọ orílẹ̀-èdè bí Amẹ́ríkà ṣe ṣe fún Kansas. Amẹ́ríkà tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún Yunifásítì Purdue ní 2017 àti Yunifásítì Clemson ní 2019. Ọ̀nà tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni, torí pé àwọn ọmọ náà ti mọwọ́ ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Bí ọmọ Jàpáànù bá gba góòlù, àsíá Jàpáànù ló máa gòkè, ṣùgbọ́n orin orílẹ̀-èdè Jàpáànù kọ́ ni wọ́n máa kọ. Gaudeamus Igitur ni wọ́n máa ń lù, orin èdè Látìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yúróòpù ti ń kọ láti ayébáyé. Láti Turin 1959 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí, nígbà tí orin orílẹ̀-èdè kan lè bí orílẹ̀-èdè kejì nínú. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àṣìṣe ni. Kí àsíá jẹ́ ti ìlú, kí orin jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́: èmi ò mọ ìdíje ńlá mìíràn tó fi ohùn àti àwọ̀ pín ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún. Títí di Naples 2019, orílẹ̀-èdè ló ń gbá a níbi Ìdíje Àgbáyé FISU. Lọ́dún 2019 kan náà, FISU dá Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì sílẹ̀ ní Jinjiang ní Ṣáínà, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣojú ara rẹ̀. Àjọ kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ta tiẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́?

Ibí yìí ni ìjà máa ń pọ̀ sí jù. Lójú gbogbo wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Lójú àwọn tó ń darí ìdíje, ọ̀rọ̀ náà ní ìdí mẹ́rin márùn-ún.

Fún Rhine-Ruhr 2025, ohun tí FISU kọ́kọ́ wò ni ọdún ìbí. Ẹni tí wọ́n bí láàrin ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2000 sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2007 nìkan ló lè wọlé, ìyẹn ẹni ọdún 18 sí 25. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí di Taipei 2017, ẹni ọdún 28 ṣì lè díje. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n gé kúrò yẹn kì í ṣe kékeré, torí pé àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé, àti àwọn tó bá pẹ́ kí wọ́n tó wọ yunifásítì, ló gé dànù. Kò sí ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Ọjọ́ ìbí kò ṣeé bẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí, wọ́n á wo ìwé ìforúkọsílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ máa kẹ́kọ̀ọ́ fún dìgírì tàbí dìpúlómà ní yunifásítì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tó bá a dọ́gba, tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé FISU fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tó ti jáde: bí o bá gboyè lọ́dún tó ṣáájú ọdún ìdíje, o ṣì lè lọ. Ẹni tó parí ní 2024 kò tíì pàdánù 2025. Mo rò pé òfin tó bọ́gbọ́n mu ni, torí ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá ni agbára wọn ń dé góńgó ní ọdún tí wọ́n ń parí ẹ̀kọ́, kò sì dára kí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n làágùn gbà wá di ohun tó lé wọn kúrò.

Ìkẹta ni pásípọ́ọ̀tù, èyí tó mú Mykhailiuk àti Diallo. Orílẹ̀-èdè tí o jẹ́ ọmọ rẹ̀ lo máa ṣojú fún, ibi yòówù kí o ti máa kàwé. Nítorí náà ọmọ Kẹ́ńyà tó ń kàwé ní Kánádà kò lè wọṣọ Kánádà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Kẹ́ńyà lè ránṣẹ́ pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókè òkun kì í sábà mọ èyí. Wọ́n á dúró de ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ilé-ẹ̀kọ́ ò sì lè ṣe nǹkan kan fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé àjọ tó wà nílùú wọn ló ní kọ́kọ́rọ́.

Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún "akẹ́kọ̀ọ́". Ṣáájú ìdíje ọkọ̀ Oxford àti Cambridge ti oṣù Kẹrin 2025, wọ́n sọ fún àwọn ọmọ Cambridge kan tó ń ṣe PGCE, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọdún kan lẹ́yìn dìgírì tó ń sọ ènìyàn di olùkọ́, pé wọn ò lè wa ọkọ̀. Wọ́n ní dìpúlómà ni ẹ̀kọ́ wọn, kì í ṣe dìgírì. Cambridge ni wọ́n wà tọ̀sán tòru, ilé-ẹ̀kọ́ náà ló gbà wọ́n wọlé, síbẹ̀ wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó kún ojú òṣùwọ̀n ìdíje yẹn. Ariwo sọ. Cambridge padà borí nínú eré ọkùnrin àti ti obìnrin láìsí wọn. Ẹ wá rántí pé FISU kọ ọ́ sínú òfin tirẹ̀ pé dìgírì tàbí dìpúlómà: ohun tí wọ́n fi lé èèyàn kúrò lójú odò Thames gan-an ni FISU kà sí ẹ̀kọ́ tó tó.

NCAA náà kì í fi ojú lásán wo ìwé. Diallo, ọmọ Málì yẹn, nígbà tó dé Kansas tán tí ìdíje ilé bẹ̀rẹ̀, eré márùn-ún àkọ́kọ́ ló jókòó wò kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, torí pé wọ́n ń yẹ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ wò. Pásípọ́ọ̀tù lé e kúrò ní Gwangju, ìwé girama tún dá a dúró nílé. Ọmọ náà rí i.

Bí ìwé bá sì pé tán, ẹni tó gbé e lọ lè ṣe é báṣubàṣu. Ọmọ 12 ni Íńdíà kó lọ sí Rhine-Ruhr fún badminton. Mẹ́fà péré ló gbá a, nítorí pé àwọn tó ń darí ikọ̀ kò fi orúkọ àwọn yòókù sílẹ̀ bó ṣe yẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn pé, wọ́n ti wọ bàálù dé Jámánì. Àwọn mẹ́fà tó gbá a gba idẹ. Àwọn mẹ́fà tó kù jókòó wò wọ́n.

Owó àti wákàtí

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo máa sọ ti FISU: kò sí ẹ̀bùn owó nídìí góòlù rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ló ń san owó ọkọ̀ wọn, ó sì tún ń san owó ojoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ibùgbé àti oúnjẹ. Bí ẹ bá rí orílẹ̀-èdè tó mú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ, tí òmíràn mú mẹ́rin, ẹ má tètè sọ pé àwọn yẹn ò ní eléré.

Ti Amẹ́ríkà ló gba àlàyé, torí pé ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni nǹkan yí padà pátápátá níbẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin NCAA ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ gbowó nítorí eré. Ilé-ẹ̀kọ́ lè fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, yàrá àti oúnjẹ, ó tán síbẹ̀. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ló tiẹ̀ ń fún un: àwọn tó wà ní ìpele kẹta NCAA kì í fún eléré ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ivy League bíi Harvard àti Yale náà kì í ṣe é. Láti oṣù Keje 2021, wọ́n gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pa owó, bí ẹni tó ń polówó ọjà. Ní oṣù Kẹfà 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan tó jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn máa sanwó fún àwọn eléré. Àròpọ̀ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kan lè pín lọ́dún àkọ́kọ́ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là.

Ẹ má tíì máa fò sókè o. Ọ̀pọ̀ jù nínú owó yẹn, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbé e, kì í ṣe eré sísá. Ẹni tó sì wá láti òkè òkun pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1, òfin físà rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Ohun tí ọmọ onílé ń gbà ní gbangba lè di ẹjọ́ sí àlejò lọ́rùn. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, kó má jẹ́ ọ̀dọ̀ aṣojú tó ń ṣèlérí owó.

Ti wákàtí ńkọ́? NCAA ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ lo ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ lórí ìgbáradì tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń darí nígbà tí ìdíje bá ń lọ, ó kéré tán ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ó sì ní láti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tó kún ní sáà kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé nìyẹn. Wákàtí tí wọ́n fi rìnrìn àjò, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú orúnkún tó wú, èyí tí ọmọ náà fi "yọ̀ǹda ara rẹ̀" lọ gbé irin, kò sí nínú ogún yẹn.

Ṣé eré ọmọdé ni?

Mo máa ń gbọ́ ọ pé ìdíje akẹ́kọ̀ọ́ kò le, pé àwọn tí kò ríbi lọ ní Òlíńpíìkì ló ń lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 1979, ní Universiade tó wáyé ní ìlú Mexico, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú kan láti Ítálì, Pietro Mennea, sá 200 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 19.72. Kò sí ẹni tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ìlú náà ga ju 2,200 mítà lọ sí ojú òkun, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ dí asáré lọ́wọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Òlíńpíìkì 1968 wáyé nínú ìlú kan náà, Tommie Smith sá a ní 19.83 níbẹ̀, Mennea sì kọjá a. Àkọsílẹ̀ àgbáyé tó ti ìdíje akẹ́kọ̀ọ́ jáde yìí dúró títí di oṣù Kẹfà 1996, nígbà tí Michael Johnson sá a ní 19.66. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́tàdínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni, Mennea gba góòlù Òlíńpíìkì ní Moscow lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé àwọn tó mú jù kì í lọ ní gbogbo ìgbà. Oṣù Keje àti Kẹjọ tí FISU sábà máa ń ṣe tirẹ̀ ni àwọn ìdíje àgbáyé mìíràn náà máa ń wáyé, ara ò sì lè wà níbi méjì. FISU kò sọ pé ẹni tó ti ń gbowó nídìí eré kò gbọ́dọ̀ wá; ohun tó bèèrè ni pé kó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà ẹ lè rí agbábọ́ọ̀lù tẹníìsì tó ti ń fi eré jẹun, kí ó máa bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú yàrá ìdánwò figagbága lórí pápá kan náà. Ìka ò dọ́gba níbẹ̀, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ sì mọ̀.

Ẹni tó bá ń ka èyí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sá eré tàbí tó ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀ka eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe FISU. FISU kì í gba lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo. Bèèrè àjọ tó ń ṣojú fún àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè rẹ, bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe ìdíje ìdánrawò, kí o sì wo ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù rẹ máa parí. Gba ìwé tó fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọ ìsinmi, torí pé oṣù Keje tàbí Kẹjọ ni ìdíje sábà máa ń bọ́ sí, ìgbà yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń tì.